Jẹ́sí Ellis Park: bí Mandela ṣe fi rọ́gbì wá ìṣọ̀kan, àti ohun tó ná àwọn èèyàn rẹ̀

Bóyá la fi máa rí ẹni tó ń tẹ̀lé ìròyìn ayé tí kò tíì rí àwòrán náà rí: Nelson Mandela, ẹni ọdún 76, tó wọ jẹ́sí aláwọ̀ ewé, tó dé fìlà ikọ̀ rọ́gbì Gúúsù Áfíríkà, tó ń gbé Ife Àgbáyé lé Francois Pienaar, balógun ikọ̀ náà, lọ́wọ́ ní pápá Ellis Park ní Johannesburg. Ọjọ́ Sátidé, 24 oṣù Kẹfà ọdún 1995 ni. Nọ́ńbà 6 ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ọ́ ni pé bàbá àgbà wọ aṣọ àwọn tó fi í sẹ́wọ̀n, inú àwọn òyìnbó yọ́, ìjà ọ̀pọ̀ ìran sì tán lọ́jọ́ kan.

Ìtàn yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ wọ́n gé e kúrú jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ ìpinnu òṣèlú tí wọ́n ti ń bá bọ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ó ní àwọn tó takò ó, ó sì ní àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ìbínú wọn mì kó tó lè ṣeé ṣe. Àwọn wọ̀nyí ni ìròyìn kì í rántí, wọ́n sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ta ló ni jẹ́sí náà?

Springbok ni wọ́n ń pe ẹranko kan tó jọ ẹtu, tó máa ń fò sókè lórí pápá ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ikọ̀ rọ́gbì àwọn òyìnbó ibẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1906. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú National Party wọlé ní 1948, tí wọ́n sọ apartheid di òfin, àwọ̀ ara èèyàn ló ń pinnu àdúgbò tó lè gbé, ilé ìwé tó lè lọ, àga tó lè jókòó sí nígbangba, ẹni tó lè bá ṣe ìgbéyàwó. Òun náà ló ń pinnu ẹni tó lè wọ jẹ́sí Springbok. Ó di ọdún 1981 kí Errol Tobias tó di ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tó wọ̀ ọ́ bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣeré.

Fún àwọn Afrikaner, ìyẹn àwọn òyìnbó tí baba ńlá wọn ti Holland, Faransé àti Jámánì wá, rọ́gbì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀sìn. Fún èèyàn dúdú, jẹ́sí yẹn kò yàtọ̀ sí aṣọ ọlọ́pàá tó ń wá yẹ ìwé ìrìnnà wò lóru. Ní pápá ìṣeré, ibi tí wọ́n fi wáyà yí ká ni wọ́n ń kó àwọn òǹwòran dúdú sí, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń hó fún àlejò yòówù tó bá wá bá Springbok ṣeré. Mandela fúnra rẹ̀ sọ pé bákan náà ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń ṣe ní Robben Island: ẹni tó bá ti ń na Springbok ni tiwọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èèyàn dúdú ibẹ̀ kò mọ rọ́gbì. Ní Eastern Cape, àwọn Xhosa ti ń gbá a láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Steve Tshwete, tó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15 ní Robben Island, tí Mandela wá fi ṣe mínísítà eré ìdárayá ní 1994, fẹ́ràn rọ́gbì dé egungun, ó sì gbá a lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Eré náà kọ́ ni wọ́n kórìíra. Àmì tó wà láyà jẹ́sí ni, àti àwọn tó ń gbéra ga lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Nàìjíríà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1976, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Soweto tí wọ́n ń fẹ̀hónú hàn pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ tí ikọ̀ New Zealand tí wọ́n ń pè ní All Blacks fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá Springbok ṣeré. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní kí wọ́n lé New Zealand kúrò ní Òlíńpíìkì Montreal. Wọn ò lé wọn, ni àwọn tó lé ní 20, Nàìjíríà pẹ̀lú, bá kó ẹrù wọn padà sílé. Àwọn eléré ìdárayá wa tó ti fi ọdún mẹ́rin múra sílẹ̀ kò rí ìdíje kankan ṣe. Lásìkò yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ń dáwó nínú owó oṣù wọn fún ìjà òmìnira ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Ní 1979, ìjọba wa gba dúkìá ilé iṣẹ́ epo BP nítorí epo tó ń dé ọ̀dọ̀ ìjọba apartheid. Kò sí eré kankan láyé tó na àwọn tí kì í gbá a lówó tó rọ́gbì Gúúsù Áfíríkà.

Ìjà lórí àmì

Mandela jáde lẹ́wọ̀n ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1990, lẹ́yìn ọdún 27. Ní oṣù Kẹta 1992, àjọ rọ́gbì àwọn òyìnbó àti ti àwọn tó kọ ìyàsọ́tọ̀ para pọ̀ di ọ̀kan. ANC, ẹgbẹ́ òṣèlú Mandela, wá gbà pé kí ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá Springbok ṣeré, pẹ̀lú àdéhùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orin Die Stem, tí í ṣe orin orílẹ̀-èdè ayé apartheid, ní pápá, wọn kò gbọdọ̀ lo àsíá àtijọ́ níbi ayẹyẹ, wọn yóò sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí àwọn tó kú nínú ìjà òṣèlú. Ìpakúpa Boipatong, níbi tí èèyàn bí 45 ti ṣòfò, kò tíì pé oṣù méjì nígbà náà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1992 ni ìdíje àkọ́kọ́ wáyé, ní Ellis Park yìí kan náà, pẹ̀lú New Zealand. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, ọ̀pọ̀ òǹwòran bú sí orin Die Stem. Àsíá àtijọ́ ń fẹ́ lọ́tùn-ún lósì. New Zealand ló borí pẹ̀lú 27 sí 24, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí àmì ayò mọ́ láàárín àwọn dúdú. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ tíì gbà pé àwọn ṣu.

Torí náà, nígbà tí àwọn alákòóso eré ìdárayá nínú ANC sọ pé kí wọ́n ju àmì Springbok nù, kí òdòdó protea rọ́pò rẹ̀ lára jẹ́sí gbogbo ikọ̀ orílẹ̀-èdè, àwíjàre ni. Bí mo bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ǹ bá dúró sí. Mandela ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Kí ló rí tí wọn ò rí? Ìbọn ló rí. Láàárín 1990 sí ìdìbò 1994, èèyàn bí 14,000 ló kú nínú ìjà òṣèlú níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1993, òyìnbó kan tó wá láti Poland yìnbọn pa Chris Hani, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù lẹ́yìn Mandela, níwájú ilé rẹ̀. Mandela, tí kò tíì dé ipò kankan nínú ìjọba, ló bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ bẹ àwọn èèyàn. Ó rán wọn létí pé obìnrin Afrikaner kan, aládùúgbò Hani, ló fún ọlọ́pàá ní nọ́ńbà ọkọ̀ apànìyàn náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ AWB, ìyẹn àwọn Afrikaner tí kò fẹ́ kí apartheid parí, wa ọkọ̀ wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jíròrò òfin tuntun ní Kempton Park. Constand Viljoen, ọ̀gágun tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí gbogbo àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè náà, ń kó àwọn Afrikaner tó mọ ìbọn ún yìn jọ. Mandela pè é ní ìkọ̀kọ̀, ó fi èdè Afrikaans tó kọ́ lẹ́wọ̀n bá a sọ̀rọ̀, ó ń bu tíì fún un. Ní oṣù Kẹta 1994, Viljoen fi ogun sílẹ̀, ó fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ fún ìdìbò.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àbí? Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀sọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. ANC gba ìjọba pẹ̀lú ìdìbò tó lé ní 62 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òyìnbó ni sójà, ọlọ́pàá, báńkì àti oko ńláńlá ṣì wà. Mandela wo ohun tí kò ní ná ìjọba rẹ̀ ní kọ́bọ̀ tó sì lè tu àwọn ọmọlẹ́yìn Viljoen lójú, ó rí rọ́gbì. Ní oṣù Kẹfà 1994, ìgbà tí kò tíì lò ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ lórí oyè, ó pe Pienaar wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Pretoria. Àwọn alákòóso ikọ̀ náà mú àkọlé kan jáde fún ìdíje: ikọ̀ kan, orílẹ̀-èdè kan. Wọ́n wá olùkọ́ tó kọ́ àwọn géńdé Afrikaner yìí ní Nkosi Sikelel' iAfrika, orin tí Enoch Sontonga kọ ní 1897, tí wọ́n fi ń lé àwọn èèyàn kiri tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́. Nígbà tí ikọ̀ náà wà ní Cape Town, wọ́n lọ sí Robben Island, wọ́n wo yàrá kékeré tí Mandela gbé.

Fìlà ní Ezakheni

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibi tó yé mi jù kì í ṣe Ellis Park. Ezakheni ni, ní KwaZulu-Natal, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 1995. Ọjọ́ ìrántí Soweto nìyẹn, ọdún 19 géérégé sígbà tí wọ́n pa àwọn ọmọdé. Agbègbè tí àwọn ọmọlẹ́yìn ANC àti ti Inkatha, ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn Zulu pọ̀ sí jù, ti ń para wọn ló jẹ́. Èrò dúdú kún pápá, wọ́n ń retí Ààrẹ wọn. Mandela gun orí pèpéle, fìlà Springbok ló dé.

Wọ́n hó lé e lórí. Mandela! Àwọn èèyàn tirẹ̀! Ó ní kí wọ́n wo fìlà náà dáadáa, pé òun dé e láti fi yẹ́ àwọn ọmọkùnrin tó máa bá Faransé ṣeré lọ́jọ́ kejì sí, pé tiwọn ni wọ́n báyìí. Ariwo kò kọ́kọ́ rọlẹ̀. Ó bá wọn wí bí bàbá ṣe ń bá ọmọ wí, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó tún ń bá wọn wí.

Ẹ ro ó wò. Òyìnbó tó wà ní Ellis Park ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Jẹ́sí rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ikọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n tún kọ Die Stem fún un pẹ̀lú Nkosi Sikelel', torí pé orin méjèèjì ni òfin fọwọ́ sí nígbà náà. Ìyá tó wà ní Ezakheni, tó ṣeé ṣe kó ti sin ọmọ, òun ni wọ́n ní kó fẹ́ràn àmì àwọn tó fìyà jẹ ẹ́. Ìṣọ̀kan tí ayé pàtẹ́wọ́ fún, àpò rẹ̀ ni wọ́n ti mú owó rẹ̀. Mo gbà pé Mandela mọ̀, torí ohun tó fà á nìyẹn tó fi lọ sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, dípò kó rán ẹlòmíràn.

Ọjọ́ àṣekágbá

Eré gan-an kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gúúsù Áfíríkà na Australia 27 sí 18 ní ọjọ́ ìṣíde, 25 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì borí Romania àti Canada. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ìdíje Canada, wọ́n fòfin de Pieter Hendriks, àyè rẹ̀ ni Chester Williams, tó ti ń gba ìtọ́jú ẹsẹ̀, fi padà wọlé. Òun nìkan ni kì í ṣe aláwọ̀ funfun nínú ikọ̀ náà. Ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà nígbà mẹ́rin nínú ìdíje Western Samoa, wọ́n na wọ́n 42 sí 14. Ní Durban, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdíje Faransé lọ. Àwọn obìnrin ló fi ìgbálẹ̀ gbá omi kúrò ní pápá kí wọ́n tó lè ṣeré, Springbok sì borí pẹ̀lú 19 sí 15.

New Zealand ló kù. Jonah Lomu wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀ ni, ó kọjá ìlà wọn lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Mandela jáde wá kí àwọn ikọ̀ méjèèjì. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí èrò tó dá aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ̀, lẹ́yìn náà ni pápá bú: "Nelson! Nelson!" Àwọn tó lé ní 60,000 ló wà níbẹ̀, Afrikaner ló pọ̀ jù nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti kọ Die Stem bo òkú Boipatong mọ́lẹ̀ ní 1992 nìyí. Pienaar sọ lẹ́yìn náà pé ẹnu òun kò lè gbé orin Nkosi Sikelel' nítorí ẹkún tó ń gbọ̀n òun. Ó jẹ ètè rẹ̀ mọ́nu.

Wọ́n so Lomu mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ní ìhà méjèèjì, ẹsẹ̀ nìkan ló ń fi àmì ayò wọlé. 9 sí 9 ni wọ́n jẹ nígbà tí àkókò pé, wọ́n bá fi àkókò kún un. Ní 12 sí 12, Joel Stransky ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó gbá a bó ṣe ń ta padà, ó gba àárín òpó kọjá. 15 sí 12. Ẹsẹ̀ Stransky ni gbogbo 15 ti wá.

Nígbà tí akọ̀ròyìn bi Pienaar bí ó ṣe rí lára rẹ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní pápá wà lẹ́yìn wọn, ó ní kì í ṣe àwọn yẹn nìkan, mílíọ̀nù 43 ni. Ní Soweto náà, èèyàn dúdú jó lójú títì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyẹn kì í ṣe àsọdùn. Ayọ̀ náà jẹ́ òótọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fojú di í.

Lẹ́yìn ariwo

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, níbi àsè, Louis Luyt, olórí àjọ rọ́gbì, sọ pé ká ní Gúúsù Áfíríkà wà níbi Ife Àgbáyé 1987 àti 1991, àwọn ni wọn ì bá gbà á. Àwọn All Blacks dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sọ ìdí tí wọn kò fi sí níbẹ̀. Ní 1998, Luyt yìí kan náà gbé Mandela lọ sílé ẹjọ́ torí pé Ààrẹ yan ìgbìmọ̀ tó máa wádìí àjọ rọ́gbì, ìdí ẹ̀sùn ẹ̀yàmẹ̀yà sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí. Ààrẹ orílẹ̀-èdè dúró níwájú adájọ́, wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ fún wákàtí lórí wákàtí. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn jẹ́sí.

Ní oṣù Keje 1995, kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ife, Mandela fọwọ́ sí òfin tó dá ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà sílẹ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu darí. Àwọn tó pààyàn jẹ́wọ́, àwọn kan nínú wọn gba ìdáríjì. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn tí wọ́n fìyà jẹ pẹ́ kó tó dé, kò sì tó nǹkan nígbà tó dé. Àpẹẹrẹ Ezakheni náà ni, ní ọ̀nà tó tóbi jù.

Chester Williams, tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri nígbà ìdíje, sọ nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 2002 pé àwọn kan nínú ikọ̀ ń fi àwọ̀ bú òun, pé wọ́n kàn fi òun ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án 2019. Nínú ìdíje àṣekágbá 2007, ọdún 12 lẹ́yìn Ellis Park, àwọn méjì péré ni kì í ṣe aláwọ̀ funfun nínú àwọn 15 tó bẹ̀rẹ̀ eré: Bryan Habana àti JP Pietersen.

Ṣé kí a wá sọ pé Mandela ṣe àṣìṣe? Rárá o. Ohun tó lọ rà lọ́jà ni pé kí ogun má ṣẹlẹ̀, ó sì rí i rà. Àwọn Afrikaner tó ní ìbọn kò gbé e. Ẹni tó bá rántí Rwanda, tí ìpakúpa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1994 tí Gúúsù Áfíríkà ń dìbò, kò ní sọ pé ohun kékeré nìyẹn. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni mo rò pé wọ́n fi ìlàjà ṣe ìrọ̀rí sùn. Ìwádìí ìjọba lórí ilẹ̀ ní 2017 fi hàn pé nínú ilẹ̀ oko tó wà lórúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì jẹ́ ti òyìnbó. Báńkì Àgbáyé ní kò sí orílẹ̀-èdè tí àlàfo láàárín olówó àti tálákà fẹ̀ tó tiwọn.

Ìṣọ̀kan náà tún ní ẹnubodè. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn ní Johannesburg, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Peace sì lọ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ wálé. Ó ṣeé ṣe kí àwọn òbí àwọn kan nínú wọn wà lára àwọn tó dáwó nínú owó oṣù láyé ìjà apartheid.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ní Yokohama ní Japan, Springbok na àwọn Gẹ̀ẹ́sì 32 sí 12. Mẹ́fà nínú àwọn 15 tó bẹ̀rẹ̀ eré jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí aláwọ̀ àdàlù. Siya Kolisi, balógun dúdú àkọ́kọ́ tí ikọ̀ náà ní, ló gbé ife sókè. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 1991 ni wọ́n bí i, ní Zwide lẹ́bàá Port Elizabeth; ọjọ́ kejì ni ilé aṣòfin fa òfin tó ń fi àwọ̀ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ ya. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, wọ́n rí i níbi ìdíje ọmọdé kan, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé Grey, ilé ìwé olówó tó jẹ́ ti òyìnbó nìkan tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n fi í ṣe balógun, àwọn akọ̀ròyìn Japan bi í nípa ìlànà tó ń ka iye èèyàn dúdú tó gbọ́dọ̀ wà nínú ikọ̀. Ó ní òun kò rò pé Mandela ì bá fọwọ́ sí i. Pé abúlé àti àdúgbò àwọn dúdú ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí ká ní òun kò rí ilé ìwé yẹn lọ, òun kì bá máa jẹun tó, òun kì bá sì dàgbà tó ẹni tó lè gbá rọ́gbì. Ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú nílé bínú sí i gidigidi, wọ́n ní ìlànà yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún irú òun. Àwọn òyìnbó kan gbé apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rí kiri. Èyí tó sọ nípa oúnjẹ, wọn ò mẹ́nu bà á.